Òkè Méjì Di Ẹyọ Kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wọn èso kòkó 60 láti oko méjì nítòsí Ilé-Ifẹ̀. Standard deviation gbogbo rẹ̀ (bí ìwọ̀n wọn ṣe fọ́n ká tó) jẹ́ gíráàmù 106. Ti oko kan tóbi ju ti èkejì lọ, àmọ́ òkè kan ṣoṣo ni density plot (àwòrán tó ń fi ibi tí ìwọ̀n pọ̀ sí hàn) tí R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, yà fi hàn. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Bandwidth ló fẹ̀ jù. Orí èso kọ̀ọ̀kan ni R ń kó òkìtì kékeré lé kó tó ro gbogbo wọn pọ̀; bandwidth ni ìbú òkìtì náà. Bí ẹ kò bá yan ọ̀kankan, òfin tí wọ́n ń pè ní nrd0 ni R ń lò: 0.9 × 106 × 60 tí a gbé sí agbára −1/5, ìyẹn bíi gíráàmù 42. (Bí IQR, ìyẹn fífẹ̀ ibi tí ìdajì àárín àwọn ìwọ̀n náà wà, tí a fi 1.34 pín bá kéré ju 106 lọ, òun ni R á lò.) Òkè kan ni òfin yìí bá mu. Tí oko méjì bá dàpọ̀, àlàfo àárín wọn gan-an ló ń mú standard deviation wú, bandwidth á fẹ̀, á sì dí àfonífojì náà pa.

Ẹ kọ density(iwon, bw = "SJ"): iwon ni àwọn ìwọ̀n yín, SJ sì ni ọ̀nà tí Sheather àti Jones fi ń yan bandwidth, ti 1991. Ìwé ìrànlọ́wọ́ R fúnra rẹ̀ sọ pé torí ìtàn ni nrd0 ṣì fi wà níbẹ̀. Ẹ tún gbìyànjú adjust = 0.5, tó ń sọ bandwidth di ìdajì, kí ẹ fi rug(iwon), ìlà kékeré kan fún èso kọ̀ọ̀kan, sísàlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o: bí òṣùwọ̀n yín bá ń yí gíráàmù sí 50 tó súnmọ́ ọn, SJ lè kéré jù, àwòrán á wá rí bí eyín ayùn. Èyí tó dára jù ni kí ẹ ya oko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú bandwidth kan náà.