Eruku irin ní láàbù eyín: ṣé lóòótọ́ ni beryllium lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán ma. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, láàbù eyín kan ní Lagere ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń da irin kíráùn, ìyẹn adé tí wọ́n fi ń bo eyín, èmi náà ni mo máa ń lọ̀ ọ́ tí mo sì máa ń pọ́líìṣì ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i lára páálí irin kan, tí ọ̀gá wa rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń palẹ̀ láàbù tiẹ̀ mọ́, pé wọ́n kọ Ni, Cr, Mo àti Be 1.8% sí i. Ẹnì kan tá a jọ kàwé sọ fún mi pé Be yẹn ni beryllium, pé májèlé ni, kí n sá. Ọ̀gá ní ó ti lé lógún ọdún tóun ti ń lo irú ẹ̀, kò sì sóhun tó ṣe òun. Mo ní ọmọ oṣù mẹ́jọ tí mo ń fún lọ́mú, aṣọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ náà ni mo máa ń wọ̀ relé. Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni? Ṣé ẹni tá a ṣe eyín ọ̀hún fún náà wà nínú ewu?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú iṣẹ́ o, kú ìtọ́jú ọmọ náà. O káre tó o ka ara páálí, torí ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti já páálí báyìí ó ti dèrò ààtàn, wọn ò ní wo nǹkan kan lára ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ìlera òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wọn ni mò ń bójú tó, mo sì ti wọ láàbù eyín bíi mélòó kan níbí ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà, mo mọ bí àyè ibẹ̀ ṣe máa ń há.

Ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́, Be yẹn ni beryllium (Ni jẹ́ nickel, Cr jẹ́ chromium, Mo jẹ́ molybdenum). Ṣùgbọ́n irin yẹn ní odindi, bó o mú un dání, bó o gbé e sórí tábìlì, kò ní fi nǹkan kan ṣe ẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ ṣe kíráùn fún náà, kì í ṣe òun ni àyà mi ń já fún, torí irin tó dúró sójú kan lẹ́nu ẹ̀ kì í ṣe eruku, kò sí bó ṣe máa fà á símú. Nickel inú ẹ̀ lè má bá ara àwọn kan mu, ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹni tọ́rọ̀ yìí kàn gan-an ni ẹni tó ń lọ̀ ọ́, tó ń sánbíláàsì ẹ̀ (kéèyàn fi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn lù ú kó lè mọ́), tó ń pọ́líìṣì ẹ̀, ìyẹn ìwọ, àti ọmọ iṣẹ́ tó máa ń gbálẹ̀ láàárọ̀ kẹ́yin tó dé.

O lè máa rò ó pé 1.8% kéré. Bó ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, bẹ́ẹ̀ beryllium fúyẹ́ ju alumíníọ̀mù tá a fi ń ṣe ìkòkò lọ, tó bá jẹ́ pé átọ̀mù, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù nínú irin, là ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló máa jẹ́ beryllium nínú irin yín yẹn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, torí ó máa ń jẹ́ kí irin tètè yọ́, kó ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀ móòdù, kí etí kíráùn jáde dáadáa, kí tánńganran tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ ọn lórí sì dì í mú. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà iṣẹ́ yín fi fẹ́ràn ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ máa ń mọ́. Àmọ́ ìlànà àgbáyé tó wà fún irin eyín báyìí, ISO 22674, ní kò gbọdọ̀ ju 0.02% lọ, àádọ́rùn-ún ìlọ́po ìyẹn ló wà lọ́wọ́ yín.

Èyí tó lè ṣèèyàn léṣe kéré ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ní Amẹ́ríkà, OSHA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́, ṣòfin lọ́dún 2017 pé nínú gbogbo afẹ́fẹ́ tó lè kún àpótí tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan ní gíga, beryllium ò gbọdọ̀ ju 0.2 microgram lọ, tá a bá fi wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́ díwọ̀n ẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn 2 microgram ni wọ́n ń gbà láyè, èèyàn sì ń ṣàìsàn síbẹ̀. Mo mọ̀ pé microgram ò yéèyàn, jẹ́ n sọ ọ́ báyìí: ká ní yàrá tẹ́ ẹ ti ń lọ irin jẹ́ mítà mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó, mẹ́ta ní gíga. Tá a bá mú eruku irin 1.8% yẹn, kó wúwo tó bíi hóró iyọ̀ márùn-ún péré, iyọ̀ ọbẹ̀ tá a mọ̀ yìí, tá a fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn, ó ti dójú ìlà OSHA nìyẹn. Wá wo orí tábìlì ẹ lẹ́yìn tó o bá tún etí kíráùn kan ṣoṣo ṣe tán, kó o wò ó bóyá hóró iyọ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣe nínú ara ò jọ ti májèlé eku téèyàn á jẹ tí á ṣubú. Ara àwọn kan ló máa ń kọ̀ ọ́. Tí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á máa rọ́ lọ síbi tí eruku yẹn bà sí nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á yí i ká, wọ́n á di kókó wínníwínní, kókó yẹn á máa pọ̀ sí i títí ẹ̀dọ̀fóró á fi máa le, tí kò ní lè fẹ̀ dáadáa mọ́ kó gba afẹ́fẹ́ sára. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, oògùn bíi prednisolone ni wọ́n máa ń fún èèyàn kó lè rọlẹ̀, kó má tètè burú sí i. Yàtọ̀ síyẹn, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kà á mọ́ àwọn nǹkan tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró láti 1993.

Ọ̀gá ẹ náà ò parọ́ o. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń mú, ohun kan wà tá a máa ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kára àwọn kan tètè kọ̀ ọ́ ju tàwọn míì lọ, èèyàn ò sì lè wojú mọ̀. Òun lè fi ogún ọdún lò ó kó má ṣe é, kí ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá lò ó fún oṣù díẹ̀ kó mú un. Bẹ́ẹ̀ náà ló lè jẹ́ pé ó ń bọ̀ lọ́nà fún òun náà, torí ẹlòmíì á ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọjú.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tó o sọ yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Láyé 1940s wọ́n ń fi beryllium sínú ẹ̀tù inú gílóòbù gbọọrọ tá à ń pè ní fulọrẹ́sẹ́ǹtì, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Harriet Hardy ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1946 pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ gílóòbù ní Massachusetts ń bà jẹ́, nígbà tó sì di 1949 wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gílóòbù. Láyé ìgbà yẹn náà ni wọ́n rí àìsàn yìí lára àwọn tí ò wọ ilé iṣẹ́ beryllium rí láyé wọn, àwọn tó kàn ń gbé nítòsí ẹ̀, àtàwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ń gbọn aṣọ iṣẹ́ ọkọ wọn kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Nítorí náà láti òní lọ, jọ̀ọ́, aṣọ iṣẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ dé ilé láìtíì fọ̀. Bọ́ ọ sílẹ̀ ní láàbù, má gbọ̀n ọ́n, rẹ ẹ́ sínú omi níbẹ̀, fi gèlè tàbí fìlà bo irun ẹ lẹ́nu iṣẹ́, bàtà ibẹ̀ kó dúró síbẹ̀, kó o fọwọ́ fojú dáadáa, tó bá ṣeé ṣe kó o wẹ̀ kó o tó gbọ́mọ. Mi ò ní kó o já ọmọ lẹ́nu ọmú o, eruku tó bá ẹ délé ni mò ń sọ.

Ní ti láàbù, kò sí ìbòmú tó dáa tó kéèyàn má lo irin yẹn rárá. Nickel-chromium tí kò ní beryllium wà, cobalt-chromium náà wà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí pé kò ní beryllium. Ṣùgbọ́n kíráùn àtijọ́ tí aláìsàn bá gbé wá fún àtúnṣe, tẹ́ ẹ ò mọ irin tí wọ́n fi ṣe é, ojú kò lè dá a mọ̀, ẹ ṣe é bí ẹni pé beryllium wà nínú ẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú àpótí tó ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku sínú láti ibi tó ti ń jáde gan-an, tó sì ní fílítà HEPA, irú èyí tó ń dá eruku tó kúnná gan-an dúró. Kẹ́ ẹ sánbíláàsì nínú kábínẹ́ẹ̀tì tó tì pa. Ìbòmú aláwọ̀ búlúù ìgbà kòrónà yẹn kò wúlò fún eléyìí, N95 ló kéré jù, P100 dáa jù ú lọ, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú pinpin, ọkùnrin tó bá ní irùngbọ̀n kò lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ká má sì gbàgbé pé ẹ̀tù funfun tẹ́ ẹ fi ń ṣe móòdù ní sílíkà, òun náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tẹ́ ẹ bá ń fọ́ ọ kẹ́ ẹ fomi rin ín.

Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Mo wọ láàbù kan ní Iléṣà lásìkò ọyẹ́, bí aago mẹ́jọ àárọ̀, oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún ń fọwọ̀ gbá abẹ́ tábìlì ìlọrin, fáànù ń yí lókè, mo rí eruku tó ń dán yinrinyinrin nínú ìtànṣán oòrùn yẹn, ó ń lọ sókè sódò níwájú imú ọmọ yẹn, ó ń sín, ó ń gbá a lọ. Mo gba ọwọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò tí mo bá wọ láàbù eyín ni ohun tí wọ́n fi ń gbálẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ọwọ̀ gbígbẹ, kò gbọdọ̀ sí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tẹ́ ẹ fi ń fẹ́ tábìlì àti aṣọ ara yín, ẹ pa fáànù, ẹ fi àkísà tútù nu gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ so ó pa. Fákúùmù ilé lásán ò dáa, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa gbà fẹ́ èyí tó kúnná jù padà sínú yàrá. Oúnjẹ, omi mímu, gúgúrú, gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ níta.

Tó o bá ti ń húkọ́ gbẹ tí kò lọ, tó ń rẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, tó ò lè gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹhẹlẹ, tó o ń rù tàbí tó o ń làágùn lóru, lọ rí dókítà. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí wọ́n ṣe é, òun ló wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá rí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ẹ́síréè sì ń fi nǹkan hàn, má jẹ́ kí wọ́n kàn máa fún ẹ ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ lọ ràì. Sọ ọ́ jáde pé, "Irin eyín ni mò ń lọ̀, beryllium wà nínú ẹ̀," torí wọn kì í sábà béèrè iṣẹ́ téèyàn ń ṣe, mú páálí yẹn dání lọ, kó o ní kí wọ́n kọ̀wé fún ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀fóró ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì níbí ní Ifẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà fún un, BeLPT, àmọ́ láàbù tó ń ṣe é ò pọ̀ lágbàáyé, ẹ̀jẹ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ tó kú, nítorí náà ẹni tó bá ní òun á ṣe é fún ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì, má fowó ẹ fún un.

Mi ò sọ pé kó o fiṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa ni, o sì ti kọ́ ọ tán. Irin yẹn ni kó kúrò ní láàbù. Bá ọ̀gá ẹ sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́, fi páálí hàn án, má ṣe bí ẹni tó fẹ́ bá a jà, torí èémí òun náà là ń sọ. Èyí tó kù nínú páálí, ẹ dì í pa, ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sí i lára gàdàgbà, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má yọ́ ọ mọ́. Tí ọ̀gá bá sì ní kí owó òun má ṣòfò, pé òun á tà á fún láàbù míì, bẹ̀ ẹ́ kó má tà á, torí bó ṣe dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn.