Bíṣọ́ọ̀bù Suffield àti Ilé Ìwòsàn Àwọn Tálákà ní Norwich

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù kan dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún àwọn tálákà nílùú Norwich láyé àtijọ́, àti pé àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀ títí dòní. Ṣé irú ilé ìwòsàn tí a mọ̀ ni? Kí ló mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Walter Suffield, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Norwich ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1245 títí ó fi kú ní 1257, ni ó dá ilé náà sílẹ̀ ní 1249. Ó sọ ọ́ ní orúkọ Giles Mímọ́, ẹni tí àwọn arọ àti alágbe ìgbà náà máa ń ké pè.

Ibùsùn, oúnjẹ àti àdúrà ni ìtọ́jú ibẹ̀ ju oògùn lọ. Ibùsùn 30 wà fún àwọn aláìsàn tí kò lẹ́nìkan. Àwọn àlùfáà tí ogbó ti mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ní àyè tiwọn. Lójoojúmọ́ ni tálákà 13 ń jẹun níbẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé 7 tí wọ́n jẹ́ aláìní sì ń rí oúnjẹ jẹ. Àwọn obìnrin 4, tí ọjọ́ orí wọn gbọ́dọ̀ ti tó 50, ló ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, tí wọ́n sì ń tọ́jú aláìsàn. Gbogbo èyí ni bíṣọ́ọ̀bù kọ sínú òfin ilé náà, kí ẹni tó bá ń darí rẹ̀ lọ́la má baà fi oúnjẹ ọmọ tálákà ṣe ohun tó wù ú. Lójú tèmi, ìyẹn ló yẹ kí a yìn ín fún jù.

Kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ọrẹ àtinúwá nìkan. Ó fi ilẹ̀ àti owó ìdámẹ́wàá àwọn ìjọ abúlé, irú bíi Calthorpe àti Seething, ti ilé náà lẹ́yìn, kí owó lè máa wọlé lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ti àwọn ilé ẹ̀sìn pa tí ó sì gba ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ irú ilé báyìí ló parẹ́. Ti Norwich bọ́ sọ́wọ́ ọba ní 1547, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un, Ọba Edward Kẹfà, ọmọ Henry, sì fi í lé ìlú lọ́wọ́ lọ́dún kan náà nítorí àwọn aláìní. Wọ́n tẹ́ ibùsùn sínú apá kan ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, lábẹ́ àjà tí wọ́n ya àwòrán ẹyẹ idì sí. Great Hospital ni wọ́n ń pè é báyìí; kì í ṣe ilé ìwòsàn mọ́, ibùgbé àwọn àgbàlagbà ni.