Crystal Kì Í Jó Chip

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mọ́níyà ni mo wà, mo ń kọ́ ẹ̀rọ ìsàba ẹyin fún àwọn ọlọ́sìn adìẹ. ATmega328P, chip kékeré tí ń gba ètò, ni mo fi ń darí gílóòbù tó ń mú un gbóná àti mọ́tò tí ń yí ẹyin. Mo fẹ́ kó máa lo aago (ìlù tí chip fi ń gbé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan) láti ìta, mo bá so crystal 16 MHz mọ́ ọn. Mo ṣí ètò fuse lórí kọ̀ǹpútà, mo yan "Ext. Clock", mo sì fi USBasp, ẹ̀rọ tí ń kọ ètò láti kọ̀ǹpútà sínú chip, kọ 0xE0 sí i. Láti ìgbà náà ni chip ò ti dáhùn mọ́. Mo ra òmíràn, ó tún kú. Ẹ̀kẹta náà kú. Ọ̀gá kan tí ń tún rédíò ṣe fi mítà wọn crystal yẹn, wọ́n ní ó ti kú, pé òun ló jó chip mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irú crystal wo ni kí n rà tí kò ní máa jó chip?

Ìdáhùn: Àbúrò, kò sí crystal tí ń jó chip. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe é. Bó o bá ti da chip mẹ́ta yẹn sínú ìdọ̀tí, tètè lọ ṣà wọ́n jáde. Kò sí èyí tó kú nínú wọn, àyàfi tí nǹkan mìíràn bá ṣẹlẹ̀ tó ò sọ fún mi.

Irú ìbéèrè yìí ti sú mi díẹ̀, má bínú. Àwọn ọmọ Pólì tí ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní Apẹ́tẹ́ ń bi mí, àwọn tí ń kọ́ inverter ní Mókọ́lá ń bi mí, ohun kan náà sì ni wọ́n ti sọ fún gbogbo wọn lọ́jà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi: "Ó ti jóná, ra tuntun." Ẹni tí ń ta chip ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí lo fẹ́ kó sọ?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìwọ rò pé o ti pàṣẹ fún chip kó máa lo crystal. Àṣẹ tó o pa kọ́ nìyẹn. Fuse ni àwọn ètò kéékèèké tí chip máa ń kà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí wáyà kankan níbẹ̀ tó lè já. Nínú ètò wọ̀nyẹn, "Ext. Clock" yàtọ̀ pátápátá sí "Ext. Crystal". Orí ìlà kan náà ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí lórí kọ̀ǹpútà, Ext. Clock ló sì máa ń ṣáájú, ojú ẹni tó bá ń kánjú á kọ́kọ́ bà lé e.

Crystal kì í dá nǹkan kan ṣe. Òkúta quartz tí wọ́n gé pẹlẹbẹ ló wà nínú agolo kékeré yẹn, wọ́n fi irin tẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n so ẹsẹ̀ mọ́ wọn. Bí iná bá kàn án, á gbọ̀n. Bó bá gbọ̀n, òun náà á yọ iná díẹ̀. Pé títẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń mú iná jáde, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní Faransé, Jacques àti Pierre Curie, ló ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1880. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti máa tì í kó tó lè máa gbọ̀n lọ. Inú chip ni ẹni náà wà, amplifier kékeré kan (ohun tí ń mú iná lágbára sí i) láàárín ẹsẹ̀ 9 àti ẹsẹ̀ 10. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣe é tí a fi ń rí ìgbà mílíọ̀nù 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó o wá kọ 0xE0, o pa amplifier yẹn. O sọ fún chip pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé aago tó ti pé ń bọ̀ láti ìta wá bá a ní ẹsẹ̀ 9. Kò sì sí ẹni tó gbé aago kankan wá. Chip rẹ dà bí oníjó tó ti wọ agbo tán, tí onílù ò tíì dé: kò kú, kò ṣàìsàn, kò kàn rí ohun tó máa jó sí ni. Kò tiẹ̀ lè dá USBasp lóhùn, torí aago kan náà ni apá tí ń gba ètò láti ọ̀dọ̀ USBasp ń lò. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé òun ò rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo ra chip tó dáa, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo sì sọ ohun kan náà fún un.

Kí n wá sórí ọ̀rọ̀ mítà. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá mọ rédíò tún ṣe, ṣùgbọ́n quartz kì í gbé iná kọjá bíi wáyà. Bó o bá fi mítà sí ibi tí ń dún, tó o gbé e lé ẹsẹ̀ méjèèjì crystal, kò gbọdọ̀ dún. Crystal tó dáa kì í dún. Èyí tó ti fọ́ nínú náà kì í dún. Kí wá ni mítà sọ fún yín? Ọ̀kan ṣoṣo tó ṣeé gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, bó bá dún, inú crystal yẹn ti kan ara wọn, sọ ọ́ nù. Àwọn kan tún máa ń ní kí èèyàn fi áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó òjé gbóná sí i kó lè jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ooru àpọ̀jù lè ba èyí tó dáa jẹ́, àgàgà àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ 32.768 kHz tí wọ́n ń lò nínú aago ọwọ́.

Bó o ṣe máa jí àwọn chip yẹn nìyí. Kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná ilé pátápátá. Bí gílóòbù 220 V bá wà lórí pánẹ́ẹ̀lì kan náà pẹ̀lú chip, tó o sì ń fọwọ́ bọ̀ ọ́, kì í ṣe èmi ló rán ọ níṣẹ́ o. Yọ crystal kúrò ná. Wá Arduino Uno kan (pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó ní irú chip rẹ lórí) tó ń ṣiṣẹ́, yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, kó o kọ èyí sínú setup rẹ̀:

pinMode(9, OUTPUT);
TCCR1A = _BV(COM1A0);
TCCR1B = _BV(WGM12) | _BV(CS10);
OCR1A = 0;

Ẹsẹ̀ D9 lára Uno á máa yọ aago 8 MHz jáde. Fi wáyà kúkúrú so ó mọ́ ẹsẹ̀ 9 chip rẹ, kó o so ground méjèèjì pọ̀. Ní ti chip fúnra rẹ̀, fún un ní 5 V ní ẹsẹ̀ 7 àti 20, ground ní ẹsẹ̀ 8 àti 22, kó o má fo ìkankan nínú wọn. Bí o kò bá rí Uno yá, oscillator ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó wà lára pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà àtijọ́ á ṣe é, ìyẹn ní amplifier tirẹ̀ nínú, òun gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe "Ext. Clock". Ṣùgbọ́n rí i dájú pé 5 V ló ń lò kó o tó so ó.

So USBasp mọ́ ọn báyìí, kó o béèrè orúkọ lọ́wọ́ chip. Bó bá dáhùn pé 1E 95 0F, o ti rí i gbà padà. Bó bá jẹ́ 1E 95 14 ló sọ, ATmega328 lásán ni wọ́n tà fún ọ, kì í ṣe 328P. Ayédèrú kọ́ nìyẹn, sọ fún avrdude, ètò kọ̀ǹpútà tí ń darí USBasp, pé m328 ni. Bó bá sọ pé òdo ni gbogbo rẹ̀, tún wáyà rẹ wò kó o tó ké sí ẹnikẹ́ni.

Kọ 0x62 sí low fuse (ibi tó o kọ 0xE0 sí) ná. Ètò tó bá chip wá láti ilé iṣẹ́ nìyẹn: aago inú ara rẹ̀, 1 MHz. Yọ wáyà Uno kúrò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn tún ti máa ń pariwo pé ó ti kú lẹ́ẹ̀kejì. Ìyára tí USBasp fi ń bá chip sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ tó ìdá mẹ́rin aago chip. Ìdá mẹ́rin 1 MHz jẹ́ 250 kHz, bẹ́ẹ̀ 375 kHz ni USBasp sábà máa ń sáré. Fi -B 10 kún àṣẹ avrdude, tàbí kó o fi jumper sí JP3 lára USBasp rẹ, á rọra sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá ti dáhùn, dá crystal padà sáàárín ẹsẹ̀ 9 àti 10, kó o wá kọ 0xFF sí low fuse. Ìyẹn ni ètò crystal. High fuse, má fọwọ́ kàn án rárá. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ RSTDISBL, òun ló ń pa ẹsẹ̀ reset. Ẹni tó bá ṣèèṣì tàn án, aago láti ìta ò ní gbà á là mọ́, àfi programmer tí ń lo 12 V.

Ọ̀rọ̀ capacitor tó máa ń bá crystal rìn ò pọ̀. Méjì ni, 22 pF, ọ̀kan láti ẹsẹ̀ 9 lọ sí ground, èkejì láti ẹsẹ̀ 10. Èyí tí wọ́n kọ 22 sí lára ni wàá rà. Bí wọ́n bá fún ọ ní èyí tí wọ́n kọ 104 sí, 100 nF nìyẹn, crystal ò ní gbọ̀n láéláé. Bí o bá lo 18 dípò 22, kò sí nǹkan kan, aago á kàn yẹ̀ ní ìwọ̀n tí ẹyin ò ní mọ̀. Kí crystal sún mọ́ chip, kí wáyà rẹ̀ má gùn. Bó o bá rí ẹni tó ní scope, ẹ̀rọ tí ń fi bí iná ṣe ń gbọ̀n hàn, ní kó fi probe sí x10, torí x1 fúnra rẹ̀ lè dá crystal dúró. Ìwọ tí o kò ní scope, kọ ètò tí ń tan LED kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kó o sọ fún un pé 16 MHz ni. Bí ìṣẹ́jú àáyá kan bá di 16, 1 MHz ló ṣì wà. Bó bá di 2, aago inú ló ń lò, ní 8 MHz.

Ṣé o tiẹ̀ nílò crystal? Fún gílóòbù àti mọ́tò, rárá. Aago inú chip lè fi ìdá mẹ́wàá yẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bó o bá ní kó yí ẹyin ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, tó wá fi ìṣẹ́jú 24 pẹ́, ẹyin ò ní bínú. Ibi tó ti máa dùn ọ́ ni kíka ọjọ́. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò, ọjọ́ 18 la sì máa ń dáwọ́ yíyí dúró. Ìdá mẹ́wàá ọjọ́ 18 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ méjì! Crystal tó ń yẹ̀ ní 50 nínú mílíọ̀nù, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ló máa fi yẹ̀ láàárín ọjọ́ 21 gbáko.

Ṣùgbọ́n wọn á mú iná lọ. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú iná, tí bátìrì inverter sì tán, chip rẹ á gbàgbé pé ọjọ́ 15 ni òun wà, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, crystal tó dáa jù láyé ò sì lè ràn án lọ́wọ́. DS3231, chip tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka aago àti ọjọ́, ló yẹ kó o fi ka ọjọ́. Ó ní crystal tirẹ̀ nínú, ó ń tọ́jú ara rẹ̀ sí bí ooru bá ṣe rí, ìṣẹ́jú kan péré ló máa ń fi yẹ̀ lọ́dún, bátìrì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń mú un ka aago lọ nígbà tí iná ò sí. Kọ ọjọ́ tó o kó ẹyin sínú ẹ̀rọ sí EEPROM (ibi ìrántí inú chip tí kì í gbàgbé bí iná bá lọ), kí chip máa yọ ọjọ́ yẹn kúrò nínú ọjọ́ tí DS3231 bá sọ. Bó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, o lè dá chip padà sórí aago inú ara rẹ̀, kó o gbàgbé crystal àti wàhálà rẹ̀.

Tó o bá fẹ́ ra á, wo bátìrì rẹ̀ dáadáa. Púpọ̀ nínú pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n ń gbé e lé lórí máa ń chájì bátìrì náà, bẹ́ẹ̀ CR2032 kì í ṣe bátìrì tí à ń chájì. Ó lè wú, ó lè bẹ́. LIR2032, èyí tó ṣeé chájì, ni kó o fi sí i, tàbí kó o yọ diode tí ń gbé iná lọ síbẹ̀. Bí o kò bá mọ èyí tó jẹ́ diode nínú wọn, gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.