Bí A Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ fún Ìdánwò Ìṣúná Ilé-Iṣẹ́ àti Ọrọ̀ Ajé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́ wa. Ọmọ ìpele kẹta ni mí ní fásitì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì kù kí a ṣe ìdánwò ìṣúná ilé-iṣẹ́ àti ti ọrọ̀ ajé. Mo ti há gbogbo fọ́múlà sórí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yí ìbéèrè padà díẹ̀, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń dàrú mọ́ mi lójú. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe kàwé mi?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ọpọlọ rẹ kọ́ ni ìṣòro. Fọ́múlà tí èèyàn há sórí kò lè sọ ohun tí ìbéèrè ń wá fún un, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè ìṣúná ilé-iṣẹ́ ń wá: ṣé kí wọ́n náwó lé nǹkan yìí lórí, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀? Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbé ìwé fọ́múlà tì, kí o sì máa fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ìṣirò kan náà títí wàá fi lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ ìṣúná rí.

Jẹ́ ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe gààrí fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní ₦1,000,000, tí ẹ̀rọ náà yóò sì máa mú ₦500,000 wọlé ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá kàn ro owó náà pọ̀ yóò ní èrè ti dé. Ṣùgbọ́n owó ọdún tó ń bọ̀ kò tó owó òní. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, fi 1.2 pín owó ọdún kìn-ín-ní, fi 1.44 (1.2 × 1.2) pín ti ọdún kejì, kí o sì fi 1.728 (1.2 × 1.2 × 1.2) pín ti ọdún kẹta. Wàá rí ₦416,667, ₦347,222 àti ₦289,352. Yọ owó ẹ̀rọ kúrò nínú àpapọ̀ wọn, ₦53,241 ni yóò ṣẹ́kù, òun sì ni NPV (net present value), ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù bí a bá fi owó òní wọn gbogbo rẹ̀: kí wọ́n ra ẹ̀rọ náà. Wá gbé èlé lọ sí ìdá 25. Àpapọ̀ á di ₦976,000, ìyẹn ni pé ₦24,000 ti wọgbó: kí wọ́n má rà á. IRR (internal rate of return), ìyẹn èlé tí NPV yóò fi di òdo, wà láàárín méjèèjì, ní nǹkan bí ìdá 23.4.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ méjèèjì ti pàdé, inú mi sì máa ń dùn bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ láti ìdá 18.75 sí 22.75, nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, ó ti dé 27.5, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ọ̀wọ́ngógó ọjà rọlẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ nínú ìdánwò ọrọ̀ ajé pé kí ló dé tí ìdókòwò fi ń dínkù bí èlé bá gòkè, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ yẹn ni ìdáhùn.

Ní ti àwòrán ìbéèrè (demand, ìyẹn bí àwọn èèyàn ṣe ń fẹ́ ra ọjà) àti ìpèsè (supply), má kàn máa wò ó nínú ìwé. Yà á sórí bébà òfìfo, kí o máa sọ ìdí bí o ṣe ń yà á. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, tí owó rẹ̀ sì gbẹ́nu sókè, epo tí àwọn èèyàn ń rà dínkù: orí ìlà ìbéèrè kan náà ni a ti rìn. Àmọ́ àwọn tó torí rẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀ tì, tí wọ́n wá ń wá sólà, ìlà ìbéèrè sólà ni wọ́n sún sí ọ̀tún, nítorí kì í ṣe owó sólà fúnra rẹ̀ ló yí padà. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ń jẹ máàkì púpọ̀.

Bákan náà ni kí o ṣe sí Modigliani àti Miller, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì tó kọ̀wé lórí gbèsè ilé-iṣẹ́: ní 1958 wọ́n ní bí kò bá sí owó orí, gbèsè kò yí iye ilé-iṣẹ́ padà; ní 1963 wọ́n ka owó orí mọ́ ọn, ìdáhùn sì yí padà. Mọ ohun tí wọ́n fi kún un.

Fi ọ̀sẹ̀ méjì tó kù ṣe ìbéèrè àwọn ọdún àtẹ̀yìnwá, kí o ṣọ́ aago, kí o má sì ṣí ìdáhùn wò kí o tó parí. Lọ́jọ́ ìdánwò, kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀, kí o sì fi gbólóhùn ìpinnu parí ìṣirò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí iye tí o rí bá tilẹ̀ ṣìnà, ẹni tó ń máàkì ṣì lè fún ọ ní máàkì lórí ọ̀nà tí o gbà.