Ẹnu okùn ike ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ ní gígábíìtì ń já lórí okùn ìmọ́lẹ̀ oníke yín (okùn ike tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì), ẹ sì béèrè bóyá kí ẹ ra ẹ̀rọ tuntun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ má tíì rà á. Okùn ìmọ́lẹ̀ oníke mítà 30, tí ẹ̀rọ 100 megabit ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ti gígábíìtì (1000 megabit) ń já, kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ ẹ̀rọ. Ẹnu okùn ni, tàbí ibi tó ti tẹ̀ jù ní igun ògiri.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ike PMMA yìí, irú ike kan tó mọ́ gaara, ń jẹ nǹkan bí 0.15 sí 0.2 dB (òṣùwọ̀n àdánù ìmọ́lẹ̀) nínú ìmọ́lẹ̀ pupa 650 nm (nm ni òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) lórí mítà kọ̀ọ̀kan; mítà 30 kò ní jẹ ju nǹkan bí 6 dB lọ. Ìlànà 802.3bv tí IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, gbé jáde ní ọdún 2017 sì gba gígábíìtì láyè dé mítà 50 nínú ilé. Jíjìn kọ́ ló fà á.

Inú okùn yìí fẹ̀, 980 maikirómítà (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà kan), ọ̀nà tí ìtànṣán ń gbà kọjá níbẹ̀ sì pọ̀. Èyí tó gba tààrà á tètè dé, èyí tó ń forí gbá ẹ̀gbẹ́ á pẹ́, àmì á wá máa wọnú ara wọn. Kí gígábíìtì lè kọjá, ẹ̀rọ ń lo ìpele ìmọ́lẹ̀ 16 dípò títàn àti pípa lásán. Ìpele wọ̀nyẹn sún mọ́ra gan-an: bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dín, ẹ̀rọ kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e. Ó ń fún ike pa, ojú ibi tí ẹ gé á funfun, á sì sán. Abẹ tuntun ni kí ẹ lò. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má fà á bí ayùn. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í bọ inú kọnẹ́kítọ̀ (orí tó ń so okùn mọ́ ẹ̀rọ), kó yọrí díẹ̀, kí ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 1000 olómi ha á, lẹ́yìn rẹ̀ 2000, kí ẹ sì fi bébà ìdán 3 maikirómítà parí rẹ̀. Ẹ máa yí i bí nọ́ńbà 8. Bí ẹ bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, kò gbọdọ̀ sí ìlà kankan tó là á já. Omi àti aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Acetone á yọ́ ọ, sípíríìtì pàápàá lè mú kó sán wẹ́wẹ́.

Ní igun, ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ ju òbìrí tó fẹ̀ ní 50 mm lọ, ẹ má sì fi okùn ìdè fún un pinpin. Láti mọ igun tó ń jẹ ìmọ́lẹ̀, ẹ tan ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnì kan di ẹ̀gbẹ́ kejì mú sí bébà funfun nínú òkùnkùn (ẹ má fi ojú wo ẹnu okùn fúnra rẹ̀), kí ẹ wá máa tú igun náà nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí pupa náà bá ràn sí i nígbà tí ẹ nà án, òun ni. Àdánù ńlá nìkan ni ojú lè rí o. Bí ẹ̀rọ yín bá ń fi iye dB tó ṣẹ́kù kí àsopọ̀ tó já hàn, ìyẹn ni kí ẹ gbára lé.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ lo ẹ̀rọ okùn gíláàsì, ti 850 tàbí 1310 nm, ẹ má gbà. PMMA ń gbé irú ìmọ́lẹ̀ yẹn mì pátápátá kó tó dé òpin mítà 30. Okùn CYTOP, tí wọ́n fi fluorine ṣe, nìkan ló lè gbé e kọjá nínú àwọn oníke, ẹnu rẹ̀ sì kéré ju èyí lọ dáadáa.