Kí onígìtá yín tó wọkọ̀ òfuurufú

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. Heavy metal, orin gìtá aláriwo líle yẹn, tí ẹ ń da dùndún pọ̀ mọ́ ti pé ọdún mẹ́ta, owó ò wọlé, onígìtá yín sì ti ń wá físà. O ní ṣé kí ẹ tú ká ni, àbí kí ẹ yí sí orin tí wọ́n ń jó ní pátì.

Ẹ má tú ká. Ṣùgbọ́n ẹ gba gbogbo orin tó wà nínú orí onígìtá yẹn sílẹ̀ kó tó lọ.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe irú ẹgbẹ́ yìí ní Múṣin. Onígìtá wa máa ń dẹ okùn gìtá rẹ̀ gan-an, tí yóò fi máa kùn nílẹ̀ nílẹ̀. Òun ló jẹ́ ká máa gbọ́ ìyáàlù, torí nígbà tí okùn ṣì le, àwọn méjèèjì jọ ń du àyè kan náà ni, ọ̀rọ̀ ìlù kì í yé ẹnikẹ́ni. Orin kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń dẹ okùn tirẹ̀. Nínú orin kan, kónkóló, ìlù tó ń di ìṣísẹ̀ orin mú, ń ka méjìlá, gìtá ń ka méje. Kónkóló á yí po lẹ́ẹ̀meje kí wọ́n tó pàdé. Oṣù mẹ́rin la fi kọ́ ìyẹn nìkan!

Onígìtá wa lọ sí Kánádà nígbà tí òde wa ní Yábàá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A gbé gìtá fún ọmọ kan tó mọṣẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni nínú wa tó lè sọ fún un ibi tí okùn kẹta ń dé. Ohùn jẹnẹrétọ̀ ló bo gbogbo orin tí mo gbà sínú fóònù mi. Mo pe onígìtá wa. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe lọ́hùn-ún, òun náà ti gbàgbé. A dá owó olówó padà. Orin mọ́kànlá la ní, mẹ́ta péré la rí gbà padà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo mọ ìtàn Voivod, ẹgbẹ́ heavy metal tó bẹ̀rẹ̀ ní Jonquière, ní Quebec ní Kánádà, ní 1982. Denis D'Amour, onígìtá wọn tí wọ́n ń pè ní Piggy, ló ń wá àwọn ìró gìtá tó ṣàjèjì sétí àwọn olólùfẹ́ heavy metal. Jẹjẹrẹ ìfun pa á ní 2005. Ṣùgbọ́n ó ti gba gìtá orin tuntun sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ní kí àwọn yòókù lò ó. Èyí ni wọ́n fi ṣe àwo Katorz ní 2006, àti Infini ní 2009. Ní 2019, pẹ̀lú onígìtá mìíràn, wọ́n gba Juno, àmì-ẹ̀yẹ orin ní Kánádà.

Nítorí náà, ẹ so gìtá mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà, kí ariwo má ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ kọ ìró okùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún orin kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fídíò ìka rẹ̀. Kí oníyàáàlù fẹnu sọ ohun tí ìlù ń wí, kí ẹ kọ ọ́ tòun tàmì ohùn. Kó wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta.

Ti orin pátì, mo gbìyànjú ẹ̀ fún ọdún kan. Àwọn tó ti ń ṣe é láti kékeré mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn jẹun. Tówó díẹ̀ bá sì wọlé, onílù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ san tiẹ̀ fún, torí Sátidé tó ń lò lọ́dọ̀ yín, òde ìnáwó ló pa tì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú orin tó le jù.