Bí ẹ̀rọ CNC kékeré bá ń gbọ̀n lórí igi líle

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀rọ 3018 yín (ẹ̀rọ CNC kékeré tí kọ̀ǹpútà ń darí) ń han gooro bí bíìtì, irin tó ń gé igi, bá ti wọ ìrókò, etí igi sì ń rí kángunkàngun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dín feed kù, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sún bíìtì lọ. Bí bíìtì bá ń yí kíákíá tí ẹ̀rọ ń fà, ńṣe ni eyín á máa ha igi: ooru á dé, ẹnu bíìtì á kú, ariwo á sì le sí i. Èérún tó dà bí gààrí ló yẹ kó jáde. Bó bá kúnná bí èlùbọ́, híha ni.

Gígùn bíìtì níta collet (ohun tó ń di bíìtì mú) ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá dín in kù sí ìdajì, títẹ̀ rẹ̀ á ku ìdá kan nínú mẹ́jọ. Fún pákó mílímítà 10, mílímítà 13 sí 15 ti tó. Ẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú inú collet ER11 náà dànù, kí ẹ tẹ collet wọ inú nọ́ọ̀tì títí á fi dún kẹ́, kí ẹ tó ki bíìtì bọ̀ ọ́. Bí kò bá dún, bíìtì á máa yí ségesège, bó ti wù kí ẹ fún un tó.

Ẹ paná, ẹ mi spindle (mọ́tò tó ń yí bíìtì) sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì kan àwọn oríkèé ẹ̀rọ. Ibi tí ìka bá ti mọ̀ ọ́n ni kí ẹ fún.

Igi náà ńkọ́? Bí kílám̀pù bá di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àárín dá dúró lófuurufú, yóò máa dún ni. Ẹ lẹ téèpù mọ́ tábìlì àti abẹ́ igi, kí ẹ fi superglue so téèpù méjèèjì pọ̀.

Fún bíìtì mílímítà 3.175 eléyín méjì, ẹ lo yíyí 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, feed mílímítà 600 ní ìṣẹ́jú kan, jíjìn mílímítà 0.5 lẹ́ẹ̀kan. 600 tí a fi 20,000 (yíyí 10,000 lọ́nà eyín méjì) pín jẹ́ mílímítà 0.03 fún eyín kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣì ń han, ẹ sọ yíyí di 8,000, ẹ fi feed sílẹ̀; lẹ́yìn náà, jíjìn 0.3.

Ẹ fi conventional (eyín ń gé lòdì sí ọ̀nà tí bíìtì ń lọ) gé e, kí ẹ ṣẹ́ mílímítà 0.2 kù tí ẹ máa fi climb (òdìkejì rẹ̀) parí. Bí ẹ bá fi climb gé gbogbo rẹ̀, á máa fa bíìtì wọnú igi, ẹ̀rọ kékeré kò sì lágbára láti dì í mú.

Ìrókò tún máa ń ní òkúta funfun nínú, tó ń pa ẹnu bíìtì lójijì. Bí ariwo bá ṣàdédé yí padà láàárín iṣẹ́, ẹ dá a dúró, kí ẹ pààrọ̀ bíìtì. Ẹ bo imú yín, lẹ́búlẹ́bú ìrókò ń yún ni lọ́fun gan-an.